Oògùn apakòkòrò nínú omi ẹja: Ewu tó fara sin sínú àwo ọbẹ̀

Kò sí ìlú ńlá kan nílẹ̀ Yorùbá lónìí tí èèyàn kò ní rí ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja àrọ̀. Láti Odògùnyàn n'Ìkòròdú títí dé abúlé ọ̀sìn ẹja tó wà ní Eriwe nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, títí dé ẹ̀yìnkùlé àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì n'Ìbàdàn, àrọ̀ kún inú odò tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ, inú táńkì oníke, inú èyí tí wọ́n fi tapólì ṣe àti inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀. Ọ̀sìn yìí ti sọ ọ̀pọ̀ aláìríṣẹ́ di ọ̀gá ara wọn. Ní àárín àwọn ọdún 2010, ẹja ọ̀sìn tí Nàìjíríà ń pèsè lọ́dún kan ti lé ní 300,000 tọ́ọ̀nù, tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ Íjíbítì nìkan ló ta orílẹ̀-èdè yìí yọ ní gbogbo Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nídìí ọ̀sìn náà tí wọn kì í sábà sọ síta. Bí àrọ̀ bá kọ oúnjẹ, tí ó ń léfòó sójú omi, tí egbò yọ sí i lára, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ olùsìn ń sáré lọ rà ni oògùn apakòkòrò-àrùn, èyí tí àwọn elétò ìlera ń pè ní àńtíbáyótíìkì. Wọn kì í ránṣẹ́ pe dókítà ẹran, wọn kì í sì í gbé ẹja tó kú lọ sí ibi àyẹ̀wò. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn adìyẹ ni wọ́n ń gbà lọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń ra tetracycline tí wọ́n ṣe fún èèyàn, kápúsù aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n á ṣí i, wọ́n á sì da ẹ̀bu inú rẹ̀ sínú omi tàbí kí wọ́n pò ó mọ́ oúnjẹ ẹja. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ìlera ẹja ti ṣe láàrin àwọn olùsìn ní Nàìjíríà fi hàn pé irú oògùn bíi oxytetracycline, gentamicin àti enrofloxacin wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ọ̀pọ̀ ló sì ń lò ó láìsí ìwé àṣẹ dókítà kankan.

Ìbéèrè tó yẹ kí olùsìn, oníbàárà àti ìjọba jọ bi ara wọn nìyí: kí ni oògùn náà ń ṣe nínú ara ẹja? Níbo ló ń gbà lọ nígbà tó bá ṣe tán? Ta ni yóò sì san gbèsè rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la?

Bí oògùn ṣe ń rìn nínú ara ẹja

Ara ẹja kò ní ooru tirẹ̀. Bí omi bá ṣe gbóná tó ni ara rẹ̀ ń gbóná tó. Bí omi bá tutù, òun náà á tutù. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ oògùn nínú ara rẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti adìyẹ tàbí ti màlúù. Nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹja máa ń tètè tú oògùn dànù. Nínú omi tútù, oògùn náà á pẹ́ gan-an kó tó kúrò.

Oxytetracycline ni èèyàn lè fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó ti wà lójútáyé láti ọdún 1950, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n ń lò jù lọ fún ẹja káàkiri àgbáyé. Gbogbo ohun abẹ̀mí ló ní àwọn ilé-iṣẹ́ tíntìntín nínú ara tó ń ṣe púrótéènì. Oògùn yìí máa ń lọ dí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà nínú kòkòrò bakitéríà, kòkòrò ọ̀hún kò sì ní lè dàgbà tàbí kó bí sí i mọ́. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Ṣe ló ń so ó lọ́wọ́, kí àwọn ọmọ-ogun inú ara ẹja fúnra wọn lè ráyè pa á. Èyí túmọ̀ sí pé bí ebi, ìdọ̀tí tàbí àpọ̀jù bá ti tán ẹja lókun, oògùn nìkan kò lè gbà á là.

Ìṣòro kejì ni pé oògùn náà kì í fẹ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ calcium àti magnesium tó wà nínú omi àti nínú oúnjẹ. Bó bá sì ti lẹ̀ mọ́ wọn, ìfun ẹja kò lè fà á mu mọ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára ẹja káàpù ní nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1980 fi hàn pé èyí tó dé inú ẹ̀jẹ̀ lára oògùn tí wọ́n fún un jẹ kò tó ìdá 1 nínú 100. Nínú ẹja tíráòtì, kò tó ìdá 10. Ìyókù ń bá ìgbẹ́ ẹja jáde, ó ń padà sínú omi, ó sì ń rì mọ́ ẹrọ̀fọ̀ ìsàlẹ̀ odò. Olùsìn tó rò pé òun ń tọ́jú ẹja, omi ló ń fún ní oògùn jẹ.

Ìwọ̀nba tó wọ ara náà kì í ṣe àlejò tó ń tètè lọ. Oxytetracycline fẹ́ràn egungun púpọ̀, débi pé àwọn onímọ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi sàmì sí ọmọ ẹja kí wọ́n tó tú u sínú odò ńlá. Bí wọ́n bá mú ẹja yẹn lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tí wọ́n sì tan irú iná kan tí ojú lásán kò rí sí egungun inú etí rẹ̀, àmì oògùn náà á máa tàn yanranyanran. Ohun tó lè wà nínú egungun fún ọdún mélòó kan kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bù sódò bí ẹni bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Oògùn kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá

Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ẹja, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nínú ti èèyàn, ohun kan wà tó ń pèsè agbára, òun ni wọ́n ń pè ní mitochondria. Àwọn onímọ̀ gbà pé láti ara ìran bakitéríà àtayébáyé kan ni nǹkan yìí ti wá, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tó ń gbà ṣe púrótéènì fi jọ ti bakitéríà. Nípa bẹ́ẹ̀, oògùn bíi oxytetracycline àti chloramphenicol, tí wọ́n ṣe láti so bakitéríà lọ́wọ́, lè so ilé agbára yìí náà lọ́wọ́ bó bá pọ̀ jù tàbí bó bá pẹ́ jù nínú ara. Ẹ̀dọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tú májèlé palẹ̀, àti kíndìnrín tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ló sábà máa ń kọ́kọ́ fara gbá a. Ẹja tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń ṣe làálàá á máa jẹun láìsanra. Oúnjẹ olówó gọbọi tí olùsìn ń dà sí i ń ṣòfò.

Ti kíndìnrín tún le díẹ̀ sí i. Ẹja kò ní mùdùnmúdùn inú egungun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ bíi ti èèyàn. Apá iwájú kíndìnrín rẹ̀ wà lára ibi tí ẹ̀jẹ̀ tuntun àti àwọn ọmọ-ogun ara ti ń jáde. Ohun tó bá ṣe ibẹ̀ ní jàǹbá, ẹ̀jẹ̀ àti ààbò ara ló ṣe ní jàǹbá pọ̀. Láti ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ní orílẹ̀-èdè Netherlands ti fi hàn lára ẹja káàpù pé oxytetracycline lè dín agbára tí ara ẹja fi ń gbógun ti àrùn kù. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé oògùn kan náà tó ní kí ọmọ-ogun ara wá parí iṣẹ́ náà tún ń gba ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú ìfun ẹja náà kún fún bakitéríà rere. Àwọn wọ̀nyí ń ràn án lọ́wọ́ láti da oúnjẹ, wọ́n ń pèsè àwọn fítámì kan, wọ́n sì ń gba àyè mọ́ àwọn kòkòrò burúkú lọ́wọ́. Nígbà tí oògùn bá gbá gbogbo wọn dànù, àyè ṣófo, kòkòrò tó bá sì ti mọ bí a ṣe ń yọ́ oògùn sílẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ padà wá gbalé. Èyí wà lára ìdí tí àìsàn fi lè padà wá ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí olùsìn ti rò pé ó ti lọ.

Kì í ṣe inú ẹja nìkan ló ní bakitéríà rere. Omi náà ní tirẹ̀. Ìdọ̀tí ara ẹja àti oúnjẹ tó jẹrà máa ń mú kí ammonia pọ̀ nínú omi, májèlé sì ni fún ẹja. Nínú odò tó dára, àwọn bakitéríà kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti sọ ammonia di ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Bí olùsìn bá da oògùn apakòkòrò sínú irú omi bẹ́ẹ̀, àwọn agbálẹ̀ odò yìí ló ń pa. Ammonia á gòkè, á máa jó ẹ̀yà ìmí ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ẹja á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó. Olùsìn tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á ní àìsàn ti le sí i, á sì lọ ra oògùn mìíràn kún un.

Àrọ̀ fúnra rẹ̀ tún ń dá kún ìṣìnà náà. Ó ní ẹ̀yà ara kan tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, èyí ló jẹ́ kó lè wà láàyè nínú omi dúdú tí ẹja mìíràn kò lè gbé fún wákàtí kan. Ìfaradà yìí ń tan olùsìn jẹ. Nígbà tí àrọ̀ bá fi máa fi hàn pé ara òun kò yá, omi náà ti bàjẹ́ tipẹ́tipẹ́.

Láti odò dé inú àwo

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí níwájú agbada oníbàárà tó lọ sí pọ́ìntì-àńdì-kíìlì láti na ìka sí ẹja tó wù ú. Ẹja tó jẹ oògùn lánàá àti èyí tí kò jẹ rí jọ ń wẹ̀ pọ̀ ni. Ojú kò lè rí i, imú kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Iná ọbẹ̀ àti ti ààrò ẹja gbígbẹ lè dín irú oògùn kan kù, àmọ́ wọn kì í fọ̀ ọ́ tán.

Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ti lajú sí ọ̀rọ̀ yìí fi fi ọjọ́ ìdúró lélẹ̀, ìyẹn iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá láti ìgbà tí ẹja jẹ oògùn kẹ́yìn títí di ìgbà tí wọ́n lè tà á. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 10 ni wọ́n ń fún àrọ̀ ọ̀dọ̀ wọn ní oxytetracycline nínú oúnjẹ, ọjọ́ 21 sì gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó kó o lọ sọ́jà. Àwọn ará Yúróòpù máa ń fi bí omi ṣe gbóná tó ṣírò tiwọn. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, fún oògùn tí kò ní ọjọ́ ìdúró tirẹ̀ fún ẹja, ṣe ni wọ́n máa ń sọ ìwọ̀n ooru omi di púpọ̀ pẹ̀lú iye ọjọ́, ó sì gbọ́dọ̀ pé 500, ó kéré tán, nígbà náà. Nínú omi tó wà ní 10 lórí ìwọ̀n Celsius, ọjọ́ 50 nìyẹn. Nínú omi tó wà ní 25, bíi ti ilẹ̀ Yorùbá níbí, ọjọ́ 20 ni. Àjọ Codex, tó ń ṣòfin oúnjẹ fún àgbáyé, ní oxytetracycline kò gbọdọ̀ ju 200 maikirogíráàmù lọ nínú kílò ẹran ẹja kan.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ọjọ́ níbí? Nígbà tí ẹja bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ohun tó ń wá sọ́kàn olùsìn tó yá owó ni kó tà á kí gbogbo rẹ̀ tó kú tán. Ọjọ́ tó yẹ kó fi sinmi gan-an ló ń pe àwọn oníbàárà. Ẹja tó léwu jù lọ ló ń tètè dé ọjà jù lọ.

Ti chloramphenicol tilẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Nínú èèyàn, oògùn yìí máa ń ṣèèṣì pa ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde nínú egungun. Iye èèyàn tó ń kàn kò pọ̀, wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ sí ẹnì kan nínú 24,000 sí 40,000 àwọn tó lò ó. Àmọ́ ẹni tó bá kàn sábà máa ń kú. Nítorí pé kò sí ìwọ̀n tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó kéré tó láti má pani, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti fòfin de lílò rẹ̀ fún gbogbo ẹran tí èèyàn ń jẹ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn oúnjẹ tó ti ara ẹran wá láti ilẹ̀ Ṣáínà lẹ́yìn tí wọ́n bá oògùn yìí nínú edé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2007, Amẹ́ríkà náà dá edé, àrọ̀ àti ẹja mìíràn tí wọ́n sìn ní Ṣáínà dúró ní ibodè nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀ àti àwọn aró tí kò yẹ kó wà nínú oúnjẹ.

Kòkòrò tó ti gbóògùn tán

Ewu tó tóbi jù kì í ṣe oògùn tó ṣẹ́ kù nínú ẹran ẹja, bí kò ṣe kòkòrò tó jáde láàyè nínú odò náà. Nígbà tí oògùn bá wà nínú omi ní ìwọ̀nba tí kò tó pa gbogbo kòkòrò, èyí tó lágbára jù ló ń ṣẹ́ kù, òun ló sì ń bímọ. Bakitéríà tún ní ìwà kan tí ẹranko ńlá kò ní: ó lè gbé àbùdá tó fi ń yọ́ oògùn sílẹ̀ fún bakitéríà mìíràn, kódà bí wọn kì í ṣe ìran kan náà. Kòkòrò ẹja tó kọ́ ọgbọ́n náà lè fi lé kòkòrò èèyàn lọ́wọ́. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Aeromonas, tó máa ń fa egbò sí ara àrọ̀, lè ṣe èèyàn náà léṣe, pàápàá ẹni tí ara rẹ̀ kò le.

Àṣà àdúgbò tún ń fi epo sí iná yìí. Ọ̀pọ̀ olùsìn ló kọ́ ilé adìyẹ sí tòsí odò ẹja, tàbí tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ adìyẹ àti òkú adìyẹ bọ́ àrọ̀ nítorí ọ̀wọ́n oúnjẹ ẹja. Oògùn tí wọ́n fún adìyẹ á bá ìgbẹ́ rẹ̀ wọnú odò, kòkòrò inú rẹ̀ náà á bá a wọlé. Bí wọ́n bá sì fẹ́ pààrọ̀ omi, inú gọ́tà tàbí odò kékeré tó ń ṣàn kọjá ni wọ́n ń tú u sí, níbi tí ẹlòmíràn ti ń bomi rin ẹ̀fọ́, tí ọmọdé sì ti ń ṣeré.

Ìdílé oògùn kan náà ni dókítà ń lò fún èèyàn. Enrofloxacin tí wọ́n ń fún ẹran máa ń yí padà di ciprofloxacin nínú ara, èyí tí gbogbo ilé ń lò fún ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ìgbẹ́ ọ̀rìn. Nítorí ìbẹ̀rù pé kòkòrò yóò gbóògùn ni Amẹ́ríkà fi fòpin sí lílo enrofloxacin fún adìyẹ ní ọdún 2005. Ìwádìí ńlá tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní ọdún 2022 sọ pé ní ọdún 2019 nìkan, èèyàn mílíọ̀nù 1.27 ló kú káàkiri àgbáyé nítorí kòkòrò tí kò gbọ́ oògùn mọ́, ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wàhálà náà sì ti le jù lọ. Kì í ṣe inú odò ẹja ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Oògùn tí èèyàn ń rà jẹ láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà kó ipa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n odò ẹja wà lára àwọn ojú ihò tí a kò tíì dí.

Ṣé olùsìn ló jẹ̀bi?

Ó rọrùn láti di ẹrù náà lé olùsìn lórí, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe òdodo tán. Ẹni tó kó ọmọ ẹja 2,000 sódò, tó ti ra oúnjẹ fún wọn fún oṣù mẹ́rin, kò lè dúró kó máa wo òkú wọn lójú omi. Oúnjẹ ẹja ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó ọ̀sìn, láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní ọdún 2023, iye rẹ̀ kò sì ṣeé fẹnu sọ mọ́. Àwọn dókítà ẹran tó mọ̀ nípa ẹja kò pọ̀ nílé, ibi àyẹ̀wò jìnnà, ẹni tó ń ta oògùn nìkan ló wà nítòsí, òun sì ni ó tún ń ṣe olùgbaninímọ̀ràn. Ẹni tó ń jèrè nínú oògùn kò lè jẹ́ ẹni tí yóò sọ pé oògùn kọ́ lọ̀rọ̀ kàn.

Ìjọba kò ṣàì mọ̀. Ní ọdún 2017, Nàìjíríà gbé ètò ọlọ́dún márùn-ún kan jáde láti gbógun ti kòkòrò tó gbóògùn. Ní ọdún 2024, wọ́n tún gbé èkejì jáde tí yóò lọ títí di ọdún 2028. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 kan náà, níbi ìpàdé àwọn mínísítà àgbáyé tó wáyé ní Jeddah, Nàìjíríà ni wọ́n yàn láti gba àlejò ìpàdé tó tẹ̀ lé e, fún ọdún 2026. Iyì ni. Àmọ́ kò sí ìpàdé tí yóò dí ẹnu ṣọ́ọ̀bù tí ẹnikẹ́ni ti lè fi owó ra kìlógíráàmù oògùn apakòkòrò láìmú ìwé dání.

Àìsí àyẹ̀wò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ti ń ná orílẹ̀-èdè yìí lówó. Ní ọdún 2015, Yúróòpù dá ẹ̀wà Nàìjíríà dúró nítorí oògùn apakòkòrò oko tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ọdún 2018, ó kan àrọ̀: Amẹ́ríkà kò fàyè gba ẹja àrọ̀ láti Nàìjíríà mọ́, nítorí pé Nàìjíríà kò kó ìwé tó yẹ sílẹ̀ láti fi hàn pé ọ̀nà tí òun ń gbà yẹ ẹja wò bá ti wọn dọ́gba. Àyẹ̀wò oògùn tó ṣẹ́ kù nínú ẹran ẹja sì wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Houston tàbí Maryland ló ti rí i bí àwọn aṣọ́bodè ṣe gba àrọ̀ gbígbẹ lọ́wọ́ ìyá wọn ní pápákọ̀ òfuurufú, tí wọ́n sì dà á nù. Ọjà ńlá ló lọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Norway ṣe, tí Chile kò tètè ṣe

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé ọ̀sìn kò lè ṣeé ṣe láìsí oògùn. Ìtàn ilẹ̀ Norway já ọ̀rọ̀ yẹn. Ní ọdún 1987, nígbà tí ẹja sámọ́ọ̀nù tí wọ́n ń sìn níbẹ̀ kò ju nǹkan bí 50,000 tọ́ọ̀nù lọ, oògùn apakòkòrò tí wọ́n lò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 tọ́ọ̀nù. Wọ́n wá àjẹsára fún àwọn àrùn tó ń pa ẹja náà, wọ́n jẹ́ kí odò sinmi láàrin ìgbà ìkórè kan sí òmíràn, wọ́n ya àwọn ibi ọ̀sìn síra, wọ́n sì sọ ọ́ di dandan pé dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ oògùn. Ní ọdún 2014, ẹja wọn ti ju mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ, oògùn apakòkòrò tí wọ́n lò kò sì tó tọ́ọ̀nù kan. Ní ọdún yẹn kan náà, ilẹ̀ Chile tó ń sin irú ẹja kan náà lo ohun tó lé ní 500 tọ́ọ̀nù oògùn, nítorí àrùn kan tí àjẹsára wọn kò tíì kápá dáadáa. Chile ti dín tiwọn kù láti ìgbà náà, àmọ́ wọ́n ṣì wà lẹ́yìn Norway jìnnàjìnnà.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé òfin nìkan kò ṣe é, àjẹsára nìkan kò ṣe é. Norway fi nǹkan mìíràn rọ́pò oògùn kí wọ́n tó gba oògùn lọ́wọ́ olùsìn.

Ọ̀nà àbáyọ

Ohun tí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù lè ṣe kò ju agbára wọn lọ. Bí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá gbé ibi àyẹ̀wò ẹja kan kalẹ̀ sí àárín àwọn olùsìn, tí dókítà ẹja kan sì ń yípo láàrin wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ń dà sódò ni wọn kò ní rà mọ́. Àwọn yunifásítì bíi ti Ìbàdàn àti ti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ẹja. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lè jẹ́ ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tí yóò tẹ àwọn odò wọ̀nyí. Àjọ NAFDAC sì gbọ́dọ̀ yà síbi tí oògùn ti ń jáde, kó má ṣe dúró de ìgbà tó bá ti wọ inú àrọ̀.

Ní ti olùsìn, ìwọ̀nba ohun mẹ́ta ló lè dín ìpàdánù rẹ̀ kù ju gbogbo kápúsù lọ: kí ẹja má pọ̀ ju omi lọ, kí omi máa yí padà kó tó dúdú, kí oúnjẹ má ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ odò. Ẹja tuntun yẹ kó kọ́kọ́ dá dúró lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wọ àárín àwọn ti àtijọ́. Bí àìsàn bá sì dé, omi ni kí olùsìn kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àìsàn ẹja, ibẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Bí dókítà bá sọ pé oògùn pọn dandan, kí ó fún un ní ìwọ̀n tó pé, fún iye ọjọ́ tó pé, kí ó kọ ọjọ́ tó parí sílẹ̀, kí ó má sì tà á kí ọjọ́ ìdúró tó pé.

Àwọn oníbàárà náà ní agbára kan tí wọn kò tíì lò. Àwọn ilé oúnjẹ ńlá àti àwọn alápẹpẹ́súùpù tó ń ra ẹja lọ́pọ̀ lè béèrè ìwé ìtọ́jú odò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà fún wọn: ọjọ́ wo ni ẹja yìí jẹ oògùn kẹ́yìn, oògùn wo sì ni? Bí àwọn tó ń rà púpọ̀ bá ń béèrè, àwọn tó ń tà yóò kọ́ láti máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwọn baba àti ìyá tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lónìí ṣì lè retí pé abẹ́rẹ́ kan tàbí hóró oògùn mẹ́rin yóò gba ọmọ wọn là. Ìgbàgbọ́ yẹn ni wọ́n ń bù dà sínú odò ẹja ní ìwọ̀n ṣíbí kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò sì tíì rí oògùn mìíràn tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀ bó bá tán.